Aránbàtà tó ní ká rọra sáré

 

Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán: bí kò bá lé nǹkan, á jẹ́ pé nǹkan ń lé e. Ṣùgbọ́n ẹ jáde láàárọ̀ Sátidé ní Surulere, ní Bódìjà, tàbí lórí afárá Lekki sí Ìkòyí. Ẹ ó rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń sáré, tí kò sí ohun tí wọ́n ń lé, tí kò sì sí ohun tó ń lé wọn. Àwọn kan wọ kánfáàsì olówó gọbọi, àwọn kan so ìnura mọ́ orí, ìyá kan á máa fi ọwọ́ méjèèjì ju afẹ́fẹ́ bí ẹni ń ja ẹ̀ṣẹ́.

Dádì tèmi náà ti di ọ̀kan lára wọn. Dókítà ló sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ru, kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n sì máa sáré díẹ̀díẹ̀. Láti ìgbà náà, aago 5:30 àárọ̀ kò bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Èmi náà ní kí n bá wọn dá sí i. Mo gba áàpù sórí fóònù, mo sì rí i dájú pé lójoojúmọ́ ni mo ń yára ju àná lọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, orúnkún mi ti wú bí búrẹ́dì Agége. Mo jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú yìnyín lórí ẹsẹ̀, dádì mi sì wọlé, òógùn ń jáde lára wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ta ló ń lé ẹ gan-an?"

Mi ò rí èsì fún wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí: ta ló tiẹ̀ kọ́kọ́ sọ pé kí bàbá tí ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le jáde lọ sáré? Ta ló sì sọ pé ẹni tó bá fẹ́ yára gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń lọ pẹ̀lẹ́? Ìbéèrè méjèèjì gbé mi dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan náà. Arthur Lydiard lorúkọ rẹ̀. Kì í ṣe dókítà, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Iṣẹ́ bàtà ló ń ṣe.

Máìlì 5 tó yí ayé rẹ̀ padà

Wọ́n bí Lydiard ní Auckland, ìlú tó tóbi jù ní New Zealand, lọ́jọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1917. Tí ẹ bá ṣí máàpù ayé, ẹ lọ sísàlẹ̀ pátápátá, ẹ kọjá Australia, ẹ ó rí orílẹ̀-èdè kékeré kan tí òkun yí ká. Ní àsìkò tí ìtàn wa ń ṣẹlẹ̀, gbogbo ènìyàn tó wà níbẹ̀ kò tó mílíọ̀nù 3. Eré rugby ni wọ́n fẹ́ràn jù, bí àwa ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù.

Lydiard náà gbá rugby nígbà èwe rẹ̀, ó sì ka ara rẹ̀ kún ẹni tí ara rẹ̀ le koko. Ó kù díẹ̀ kó pé ọmọ 30 ọdún nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Jack Dolan, tó dàgbà jù ú lọ, tó sì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn sárésáré, ní kó wá bá òun sáré máìlì 5. Ìyẹn tó kìlómítà 8. Lydiard rò pé eré ọmọdé ni. Kò pẹ́ tí èémí fi tán nínú rẹ̀. Àyà rẹ̀ ń lù kìkì, ọ̀nà ọ̀fun ń ta á, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Dolan ní tirẹ̀ ń lọ bí ẹni ń rìn lọ sọ́jà.

Ọ̀pọ̀ nínú wa, tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí wa, a ó fi rẹ́rìn-ín, a ó sì wá ibi jókòó sí. Ẹ̀rù ló ba Lydiard. Ó bi ara rẹ̀ léèrè pé, bí mo bá rí báyìí ní ọjọ́ orí mi yìí, báwo ni n ó ṣe rí ní ogún ọdún sí i? Ẹ fi ọkàn sí ìbéèrè yẹn. Kì í ṣe góòlù ló gbé ọkùnrin yìí jáde nílé. Ìbẹ̀rù pé ara òun ti ń bàjẹ́ nígbà tí òun ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ni.

Ara rẹ̀ ló fi ṣe ìwé

Ó wá ìwé kiri láti mọ bó ṣe yẹ kí ènìyàn máa sáré, ṣùgbọ́n ohun tó rí kà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà náà, ọ̀nà tó gbajúmọ̀ láàárín àwọn sárésáré ńlá ní Yúróòpù ni pé kí o sáré ìwọ̀n kékeré, bíi mítà 400, kí o sá a kíkankíkan, kí o mí díẹ̀, kí o tún sá a, lọ́pọ̀ ìgbà. Woldemar Gerschler ní Jámánì fi irú ọ̀nà yìí ṣiṣẹ́. Emil Zatopek láti Czechoslovakia fi mítà 400 alátùnsá ṣe iṣẹ́ òòjọ́, ó sì gba góòlù mẹ́ta ní Òlíḿpíìkì Helsinki lọ́dún 1952. Ní 1954, Roger Bannister, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ìdánrawò tí kò gùn, ṣùgbọ́n tó gbóná, di ẹni àkọ́kọ́ tó sáré máìlì kan láàárín ìṣẹ́jú tí kò pé 4. Ta ni aránbàtà kan ní Auckland láti sọ pé ọ̀nà mìíràn wà?

Lydiard kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó wọ bàtà, ó sì bọ́ sí títì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ara rẹ̀ ló fi ń ṣe ìdánwò. Ní ọ̀sẹ̀ kan á sáré díẹ̀, ní òmíràn á sáré púpọ̀. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ, ó ní ọ̀sẹ̀ tó sáré kọjá máìlì 200. Ìyẹn ju Èkó sí Ìbàdàn lọ, kó padà sí Èkó, láàárín ọjọ́ 7! Gbogbo èyí, ó ń ṣe é pẹ̀lú iṣẹ́ ilé bàtà, ó sì tún ní àsìkò tó ń pín mílíìkì káàkiri ilé àwọn ènìyàn ní òru kí owó ilé lè tó. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ.

Ohun méjì ló rí. Èkíní, púpọ̀ jù ń pa ènìyàn, kékeré jù kò sì kọ́ ara ní nǹkan kan. Nǹkan bíi máìlì 100 lọ́sẹ̀ ló bá a mu jù, pẹ̀lú ìwọ̀n ìyára tí kò ní jẹ́ kó máa mí hẹlẹhẹlẹ. Èkejì ló ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Bí ó ṣe ń sáré jíjìn tí kì í ṣe kíkankíkan, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyára rẹ̀ lórí pápá ń pọ̀ sí i. Ẹni tó ń múra fún máràtọ́ọ̀nù ń yára nínú eré kúkúrú! Lọ́dún 1953 àti 1955, òun ló gba ipò kìíní nínú ìdíje máràtọ́ọ̀nù gbogbo New Zealand. Ó ti lé ní ọmọ 35 ọdún nígbà náà.

Àwọn ọmọ àdúgbò

Àwọn ọ̀dọ́ tó wà nítòsí bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Ẹni àkọ́kọ́ ni Lawrie King, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ bàtà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Murray Halberg dé. Halberg ti ṣèṣe nínú rugby nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 17, apá òsì rẹ̀ sì rọ títí láé. Barry Magee dé. Ọmọkùnrin kan tó síngbọnlẹ̀ tún dé, Peter Snell, tó ti fi tẹ́níìsì ṣeré dáadáa tẹ́lẹ̀. Owairaka ni àdúgbò tí Lydiard ń gbé ní Auckland, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ wọn fìdí sí.

Ẹ má ro pé àgọ́ ńlá kan wà tí ìjọba kọ́ fún wọn. Kò sí. Kò sí owó oṣù fún kóòṣì, kò sì sí fún eléré. Kálukú ní iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́sàn-án. Bó bá di ọjọ́ Àìkú, wọn á pàdé, wọn á sì gba ọ̀nà Waiatarua lọ, ọ̀nà olókè kan ní ìwọ̀ oòrùn ìlú náà. Máìlì 22 ni, ìyẹn kìlómítà 35. Gbogbo wọn ló ń sá a: ẹni tó ń múra fún máràtọ́ọ̀nù àti ẹni tó ń múra fún mítà 800. Snell, tí eré tirẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú méjì, wà lára wọn. Àwọn tó gbọ́ ọ sọ pé wèrè ni. Báwo ni sárésáré ìṣẹ́jú méjì ṣe máa sáré fún wákàtí méjì àti ààbọ̀?

Ibí yìí ni ọgbọ́n Lydiard wà. Ẹ jẹ́ kí n fi ilé kíkọ́ ṣàlàyé rẹ̀, torí kò sí ọmọ Èkó tí kò tíì rí ilé alájà tó wó rí.

Ìpìlẹ̀ ló kọ́kọ́ wà. Fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, eré jíjìn nìkan, lójoojúmọ́. Kì í ṣe ìrìn ìgbín o. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń sáré dáadáa. Ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ ni pé kí èémí rẹ tó ọ. Tí o kò bá lè bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ sọ̀rọ̀, o ti ń yára jù. Ní àsìkò yìí ni ọkàn ń lágbára sí i, ni àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín ń pọ̀ sí i nínú ẹsẹ̀, ni ara ń kọ́ bí a ṣe ń lo afẹ́fẹ́ tí a bá mí sínú.

Lẹ́yìn náà ni ògiri. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á máa fò gun òkè, orúnkún á máa lọ sókè, kí ẹsẹ̀ lè le kí ó sì ní agbára ìtasókè.

Òrùlé ló kàn. Ìgbà yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa lọ sórí pápá láti sáré kíkankíkan, irú èyí tí àwọn yòókù ń fi odindi ọdún ṣe. Lydiard kì í jẹ́ kó pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, torí ó gbà pé ìyẹn tètè ń wọ ara, ṣùgbọ́n ó tún tètè ń jẹ ara run.

Kíkùn ọ̀dà ló gbẹ̀yìn. Wọ́n á dín eré kù, wọ́n á kópa nínú àwọn ìdíje kéékèèké, wọ́n á sinmi, kí ara lè dé góńgó lọ́jọ́ tí a fẹ́ gan-an, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn. Ó máa ń mú kàlẹ́ńdà, á fi ọwọ́ sí ọjọ́ ìdíje, á sì ka ọ̀sẹ̀ padà sẹ́yìn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ní Róòmù

Ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1960 ni. Ó ku bí oṣù kan kí Nàìjíríà gba òmìnira. Ìdíje Òlíḿpíìkì ń lọ lọ́wọ́ ní Róòmù. Lydiard wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwọn kóòṣì tí New Zealand fi ránṣẹ́. Àárín èrò ìwòran ni ibùjókòó rẹ̀ wà.

Àṣekágbá mítà 800 bẹ̀rẹ̀. Snell, ọmọ ọdún 21, kò sí lára àwọn tí ayé ń retí. Roger Moens, ọmọ Belgium, ló ni rékọ́ọ̀dù àgbáyé. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fiyè sí: ní ọdún yẹn, ìpele mẹ́rin ni mítà 800 ní, láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó bá máa sáré nínú àṣekágbá ti sáré lẹ́ẹ̀mẹta ṣáájú. Àwọn tí wọ́n yára ju Snell lọ pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń rẹ̀ wọ́n. Ẹni tó ti fi Waiatarua ṣe oúnjẹ ọjọ́ Àìkú, kí ni ìpele mẹ́rin jẹ́ lójú rẹ̀?

Ní ìgbẹ̀yìn eré náà, Moens wà níwájú. Ó wo apá ọ̀tún rẹ̀ láti mọ ẹni tó ń bọ̀. Apá òsì ni Snell gbà. Ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 46.3. Góòlù.

Wákàtí kan kò tíì pé tí Halberg, ọkùnrin alápá rírọ, fi bọ́ sórí pápá kan náà fún mítà 5,000. Nígbà tó ku ìyípo mẹ́ta, tí àwọn yòókù ṣì ń ṣọ́ ara wọn, ó ta kúrò láàárín wọn, ó sì dá nìkan lọ. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dé òpin. Àwọn tó ń lé e ti ń sún mọ́ ọn. Ó dé bẹ́ẹ̀ náà, ó sì ṣubú sílẹ̀ pẹ̀lú tẹ́ẹ̀pù ìparí ní ọwọ́. Góòlù kejì.

Lọ́jọ́ 10 oṣù náà, wọ́n sáré máràtọ́ọ̀nù lọ́wọ́ alẹ́. Ìtàn yẹn la mọ̀ jù: Abebe Bikila ti Ẹtiópíà sáré láìwọ bàtà, ó sì di ọmọ Áfíríkà dúdú àkọ́kọ́ tó gba góòlù Òlíḿpíìkì. Rhadi ti Mòrókò ló ṣe ìkejì. Ta ló ṣe ìkẹta? Barry Magee, ọmọ Owairaka.

Àmì ẹ̀yẹ mẹ́ta, láti àdúgbò kan, lábẹ́ kóòṣì kan tí wọn kò mú lọ.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1961, Snell sáré odindi máràtọ́ọ̀nù, kìlómítà 42, gẹ́gẹ́ bí ara ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 1962, ó fọ́ rékọ́ọ̀dù àgbáyé fún máìlì kan pẹ̀lú ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 54.4. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó fọ́ ti mítà 800 pẹ̀lú ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 44.3, lórí pápá koríko! Ó lé ní 60 ọdún tí eré yẹn fi jẹ́ rékọ́ọ̀dù New Zealand. Ní Tokyo lọ́dún 1964, ó gba góòlù mítà 800 àti ti 1,500 pa pọ̀.

Finland ránṣẹ́ sí i

Ẹnìkan lè sọ pé orí ló bá Lydiard ṣe é, pé àwọn ọmọ tó bẹ́bùn ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Finland dáhùn ìyẹn. Orílẹ̀-èdè yẹn ti jẹ́ ọba eré jíjìn nígbà ayé Paavo Nurmi ní àwọn ọdún 1920, ṣùgbọ́n ògo náà ti wọmi. Lọ́dún 1967, wọ́n pe Lydiard. Kò pé ọdún méjì tó lò níbẹ̀, gbogbo àwọn kóòṣì ibẹ̀ kọ́ ló sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, torí ẹnu rẹ̀ mú, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún aláṣẹ. Ṣùgbọ́n àwọn kan lára wọn gbọ́. Rolf Haikkola, kóòṣì Lasse Viren, wà lára àwọn tó mú ẹ̀kọ́ rẹ̀ lò.

Ní Munich lọ́dún 1972, Viren ṣubú lulẹ̀ láàárín eré mítà 10,000. Ó dìde, ó lé wọn bá, ó gba góòlù, ó sì fọ́ rékọ́ọ̀dù àgbáyé. Ó tún gba ti mítà 5,000. Pekka Vasala, ọmọ Finland bíi tirẹ̀, gba ti 1,500. Lydiard ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n irúgbìn tó gbìn ti hù.

Àwọn bàbá alárùn ọkàn

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sórí dádì mi.

Nígbà náà lọ́hùn-ún, tí àrùn ọkàn bá kọlu ènìyàn, ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà máa ń sọ ni pé: lọ dùbúlẹ̀, má ṣe wàhálà. Lydiard kò gbàgbé bí àyà tirẹ̀ ṣe lù ní ọjọ́ Jack Dolan. Ó gbà pé ọkàn náà iṣan ni, àti pé ohun tó mú ti Snell lágbára, tí a bá bu díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀, á mú ti ẹlòmíràn lágbára. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Colin Kay, oníṣòwò tó di olórí ìlú Auckland nígbà tó yá, kó àwọn bàbá jọ, tí àwọn kan nínú wọn ti ní àrùn ọkàn rí. Wọ́n ní kí wọ́n wá sáré. Kì í ṣe ìdíje. Kò sí ipò kìíní. Ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n rìn, kí wọ́n tún sáré. Bí Auckland Joggers Club ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí ọdún 1962 ń parí lọ, kóòṣì ará Amẹ́ríkà kan, Bill Bowerman, wá kí Lydiard. Yunifásítì Oregon ló ti ń kọ́ni, ó sì ti lé ní ọmọ 50 ọdún. Lydiard ní kó wá bá àwọn sáré ní ọjọ́ Àìkú. Bowerman rò pé ara òun ṣì le. Kò tíì rìn jìnnà tí èémí fi tán nínú rẹ̀. Bàbá kan tó ti lé ní ọmọ 70 ọdún, tí àrùn ọkàn ti kọlù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ló dúró tì í, tó ń rọra bá a sáré lọ, tó sì ń tàkúrọ̀sọ pẹ̀lú rẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Ohun tí Dolan ṣe fún Lydiard náà ló padà ṣẹlẹ̀ sí Bowerman.

Bowerman gbé e padà sí Oregon. Ó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì fún àwọn ará ìlú, ó sì pa pọ̀ pẹ̀lú dókítà ọkàn kan, W. E. Harris, láti kọ ìwé tí wọ́n pè ní "Jogging", tó jáde ní 1967, tó sì tà káàkiri Amẹ́ríkà. Bowerman yìí kan náà ni òun àti Phil Knight jọ dá ilé iṣẹ́ tó padà di Nike sílẹ̀. Torí náà, nígbà tí ẹ bá rí ẹni tó wọ bàtà Nike lórí afárá Lekki láàárọ̀ Sátidé, ẹ mọ̀ pé ìtàn ẹni náà gba ilé aránbàtà kan kọjá.

Kí ló dé tó fi ṣiṣẹ́?

Lydiard kò lè fi ẹ̀rí sáyẹ́ǹsì ṣàlàyé gbogbo ohun tó ń ṣe. Ọmọ rẹ̀ ló bá a ṣe é. Nígbà tí Snell fi eré sílẹ̀, ó lọ sí Amẹ́ríkà, ó padà sí ilé ìwé nígbà tó ti di bàbá, ó sì gba oyè dókítà nínú ẹ̀kọ́ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà eré. Dallas ní Texas ló ti ṣe ìwádìí títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ara ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ìdí tí Waiatarua fi sọ òun di ẹni tó yára.

Àlàyé náà rí báyìí. Oríṣi okùn iṣan méjì pàtàkì ló wà lẹ́sẹ̀ wa: ti ìfaradà àti ti ìyára. Tí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré jẹ́jẹ́, ti ìfaradà ló ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí eré náà bá pẹ́, epo inú wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í tán, bí inverter ilé yín ṣe ń ku lọ lóru. Ara á wá ké sí ti ìyára pé kí wọ́n wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Báyìí ni àwọn okùn ìyára ṣe ń kọ́ ìfaradà, láìjẹ́ pé a sáré kíkankíkan. Ohun tí Lydiard fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ̀, ọmọ rẹ̀ lo yàrá ìwádìí láti mọ ìdí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́ mi ní òdì o. Ẹ má lọ sáré máìlì 100 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ torí ẹ gbọ́ ìtàn. Àwọn ọmọ Owairaka fi ọ̀pọ̀ ọdún dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé ló gbọ́ nọ́ńbà yẹn, tí wọn kò gbọ́ ìyókù, tí wọ́n sì fi ṣe ara wọn léṣe. Nọ́ńbà kọ́ ni ẹ̀kọ́ náà. Ètò ni ẹ̀kọ́ náà: ohun tó yẹ kó ṣáájú, kó ṣáájú. Àwọn bàbá alárùn ọkàn àti Snell gba ẹ̀kọ́ kan náà. Ibi tí kálukú ti bẹ̀rẹ̀ ló yàtọ̀.

Lọ́jọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 2004, Lydiard kú ní Texas, nígbà tó rin ìrìn-àjò yí Amẹ́ríkà ká láti máa kọ́ àwọn ènìyàn ní eré sísá. Ó jẹ́ ọmọ ọdún 87, ó ṣì ń ṣàlàyé fún wọn. Snell tẹ̀ lé e ní oṣù Kejìlá ọdún 2019. Halberg, tó fi orúkọ rẹ̀ dá àjọ sílẹ̀ ní 1963 láti ran àwọn ọmọdé tó ní àléébù ara lọ́wọ́, kú ní 2022.

Mo ti sọ fún yín pé orúnkún mi wú. Ó ti sàn. Nígbà tí mo padà sí títì, mo fi fóònù sílé. Mo ní kí dádì mi máa ṣáájú, kí n máa tẹ̀ lé wọn. Ìyára wọn kò jọ mí lójú rárá. Áàpù mi ì bá ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n mo dán òfin Lydiard wò: mo bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì dá mi lóhùn. Wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀rù ba àwọn gan-an lọ́jọ́ tí dókítà ka nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀ wọn fún wọn, pé àwọn kò fẹ́ kí màmá mi mọ̀. Láti ọjọ́ tí a ti jọ ń gbé inú ilé kan náà, wọn kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Ká ní mò ń yára ni, mi ò ní ní èémí tí n ó fi gbọ́.

Mo rò ó nígbà tí a délé. Èsì ìbéèrè wọn ni pé kò sí ẹni tó ń lé mi. Nọ́ńbà orí fóònù ni. Àwọn ní tiwọn, wọ́n mọ ohun tó ń lé wọn, wọ́n sì mọ̀ pé ohun náà kì í ṣe ohun tí a ń fi eré àsápajúdé sá fún. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lójoojúmọ́, pẹ̀lú èémí tó tó ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Aránbàtà Auckland kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n gbogbo ayé rẹ̀ ló fi sọ ọ́.

Ibi tí a ó ti dúró lónìí nìyí o. Tí ẹ bá ní bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ tó yẹ kó gbọ́ ìtàn yìí, ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ jáde lọ́la, kí ẹ lọ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ tí ara yín kò bá dá ṣáṣá, lẹ́yìn náà kí ẹ mú ẹnìkan dání tí ẹ lè jọ máa tàkúrọ̀sọ. Títí a ó fi tún pàdé, ẹ rọra o.